Ọjọ́ Tí Lagbé àti Daagbé Yóò Pàdé

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni Ràúfátù kò ti lè fìdí lélẹ̀. Yóò jókòó, yóò dìde, yóò lọ sí ojú fèrèsé, yóò tún padà. Ẹ̀rọ kan ló wà nínú yàrá náà tí ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni gbé kà á láti sè.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Àpótí dúdú kan ni, lórí tábìlì, nínú ilé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ifangni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dá tẹlifóònù àwọn ènìyàn lóhùn. Ẹni tí ó bá ní ẹrù láti kó lọ sọ́jà yóò ṣí ojú ìwé ẹgbẹ́ lórí tẹlifóònù rẹ̀, yóò fọwọ́ tẹ àwòrán àwọn ọjà tí ó máa ń ná, yóò fi iye apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí i. Orúkọ gbogbo wọn yóò to ara wọn, yóò sì lọ bá awakọ̀ lórí tẹlifóònù tirẹ̀, òun náà yóò wá mọ abúlé tí ó yẹ kí ó yà sí. Ràúfátù ló ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ iṣẹ́ náà ní Àjàṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tó kù má baà rò pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ ti ara rẹ̀ nìkan ni, ì bá pa ẹ̀rọ náà, kí ó lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà dé ọrùn. Sìdíkátù ni orúkọ ìyá náà, Ìyá Ràúfá ni gbogbo ará abúlé Lagbé ń pè é. Òun ló dìde láàrin àwọn obìnrin olóko tòmátì ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, tí ó ní kí wọ́n yé dúró de ọkọ̀ tí ó máa ń kó ẹrù wọn, nítorí ìgbà tó bá wu ọkọ̀ náà ló ń wá. Ó ní ọmọ òun ti ṣe ohun tí yóò máa pe ọkọ̀ wá fún wọn. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kì í ṣeé kó. Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, àwọn obìnrin ní kí ó máa lọ. Ó sì lọ.

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wà lábẹ́ àtíbàbà ní Lagbé báyìí, ó ti pọ́n débi pé bí kò bá dé Daagbé lónìí fún ọjà ọ̀la, adìyẹ ni yóò jẹ ẹ́. Mùríìdì, awakọ̀ tuntun, ti sọ tirẹ̀: bí òun bá kírun Àyìlà ọ̀sán tán, òun yóò wo tẹlifóònù. Bí orúkọ bá wà níbẹ̀, Lagbé lòun ń bọ̀. Bí kò bá sí, àwọn alágbàdo Banigbé ń dúró de òun.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Orúkọ kan ṣoṣo kò tíì wọlé.

Ìwà ẹ̀rọ náà ló ń dààmú Ràúfátù jù. Bí ó bá pa á tí ó sì tún un tàn, yóò tutù bí ọmọ tí ó mu ọmú yó. Kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, nọ́ńbà tí ó ń fi bí iṣẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ lọ́rùn hàn yóò máa gòkè: ogún, àádọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó bá ti dé ibẹ̀, ó parí, ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn án kò ní gbọ́ ìdáhùn.

Ó kọ́kọ́ fi sun olè. Ó ní bóyá àwọn kan láti òkèèrè ló ń fi ẹ̀rọ ṣe eré. Ó ti ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà wọlé pa, ariwo kò dín. Ó fi sun iná mànàmáná. Ó fi sun ooru, ó gbé àpótí náà sún mọ́ fèrèsé, ó tún gbé e padà. Ó fi sun gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà àyàfi ara rẹ̀, bí àwa èèyàn ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló pe Victorin, tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́.

"Ràúfá, écoute," ni Victorin wí. "Òwú mélòó lo fún un?"

Òwú tí ó ń sọ kì í ṣe òwú aránṣọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, kí ó lè dá ènìyàn púpọ̀ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kojú ẹnì kan. Fil ni àwọn olùkọ́ wọn ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òwú ni àwọn méjèèjì ń pè é láti ìgbà ilé ẹ̀kọ́.

"Mẹ́jọ," ni Ràúfátù dáhùn.

"Mẹ́jọ kéré, quoi. Àwọn obìnrin yín pọ̀. Sọ ọ́ di ogójì, kí wọ́n ráyè wọlé."

Ó sọ ọ́ di ogójì. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, gbogbo ogójì ti há, abẹ̀bẹ̀ ń ké, ara àpótí náà gbóná débi pé kò lè gbé ọwọ́ lé e. Ẹni tí a bẹ̀ kí ó wá pa iná, epo ló dà sí i. Ó tún pe Victorin.

"Bon," ni Victorin wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀. "Kí lo yí padà lánàá?"

"Kò sí."

"Rien du tout? Kò sí rárá?"

"Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Márùn-ún ni mo sọ di mẹ́rin. Ìyẹn ò lè ṣe nǹkan kan. Mo tún àṣìṣe ṣe ni, mi ò dá a sílẹ̀."

Victorin ní oníbàárà kan ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà, òun yóò pè padà. Kò pè padà.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún àti mẹ́rin yìí ní ìtàn. Nígbà tí Ràúfátù ń kó ọjọ́ ọjà jọ sínú ẹ̀rọ, kò béèrè ti Lagbé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀yìnkùlé ọjà ni wọ́n bí i sí. Ó kàn sàmì sí kàlẹ́ńdà: ọjà lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ọjà tún dé. Ó kọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò mọ ti Daagbé, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá ní, "Ọrún ni." Kí ni ọrún? Ọjọ́ márùn-ún ni, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ó bá ń ka ọrún, ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ ni yóò fi ṣe ení, ọjà tó tẹ̀ lé e ni yóò sì bọ́ sí àrùn-ún. Ràúfátù ní tirẹ̀, láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọ ní ìṣirò, nínú ìṣirò yẹn ọ̀la ni ení. Ó kọ márùn-ún fún Daagbé, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá rẹ̀ gba ohun tí ẹ̀rọ wí gbọ́. Ó di ẹrù, ó lọ sí Daagbé, ó débẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjà. Ewúrẹ́ ló bá nínú ọjà, pẹ̀lú ìyá alákàrà kan tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Nígbà tó padà sí Lagbé tí wọ́n bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, ó ní òun lọ kí àbúrò òun. Àbúrò wo? Kò ní àbúrò ní Daagbé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, tí àwọn méjèèjì nìkan wà nílé, ló tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ràúfá, ẹ̀rọ rẹ kò mọ ọrún kà o." Inú ọmọ náà bàjẹ́ gan-an. Lánàá ló jókòó tì í, ó pa márùn-ún rẹ́, ó kọ mẹ́rin, ó sì sùn dáadáa.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dé lórí zémidjan, ọ̀kadà akérò, eruku pupa ti kun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló mú kí àyà Ràúfátù já, nítorí bí Sìdíkátù bá ń pariwo, ọ̀ràn náà kò tíì dé ojú ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá."

"Ṣé ó ti jí?"

"Kò tíì jí. Ẹ jókòó ná."

Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. "Fortunée ti ń sọ̀rọ̀," ni ó wí. Fortunée ni ẹnì kan ṣoṣo tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ àtijọ́ lọ. "Ó ní èmi àti ọmọ mi fi tẹlifóònù tan àgbààgbà jẹ. Donc ojú mi ni àwọn tó kù ń wò. Mi ò dá a lóhùn. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Ojú ti Ràúfátù débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ó pa á, ó tún un tàn. Ní ìgbà yìí kò wo nọ́ńbà ńlá òkè mọ́. Ó ṣí ibi tí ó ti lè máa wo òwú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí ẹni tí ó tú odindi aṣọ láti wá ibi tó ti ta kókó.

Gbogbo wọn dákẹ́ ná. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan gbéra, ó lọ tààrà sí ọgọ́rùn-ún, kò sì sọ̀kalẹ̀. Èkejì gbéra. Ẹ̀kẹta. Ó ní kí ẹ̀rọ sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ sì sọ ọ́: ibì kan náà ni gbogbo wọn dúró sí, nínú apá kan tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní "ìpàdé".

Ó rántí apá náà dáadáa. Òun ló fi ń yangàn jù ní Àjàṣẹ́. Bí oníṣòwò kan bá tẹ ọjà méjì, ẹ̀rọ yóò wá ọjọ́ tó súnmọ́ jù lọ tí ọjà méjèèjì yóò bọ́ sí ọjọ́ kan náà, kí ó lè ná méjèèjì ní ìrìn àjò kan. Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Lagbé tí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe é. Bí ó sì ṣe ń wá ọjọ́ náà kò le: òní ńkọ́? Kì í ṣe òní. Ọ̀la ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀la. Ọ̀túnla ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi rí i. Láti ìgbà tó ti ṣe é, kì í lọ ju ogún ọjọ́ lọ kó tó rí i.

Ó béèrè ọjọ́ tí òwú àkọ́kọ́ ti dé. Nígbà tí èsì jáde, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó tún un kà. Òwú náà ti kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ọdún síwájú, ó ṣì ń lọ. Ó ń wá ọjà ní ayé tí Lagbé fúnra rẹ̀ lè má sí mọ́. Òwú kejì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìkẹta náà ń bọ̀, ọ̀kankan kò sì ní dúró.

Ta ló wá rán wọn níṣẹ́? Ó wo nọ́ńbà tẹlifóònù tí òwú kìíní ń dá lóhùn. Ó wo ti ìkejì. Ó wo ti ìkẹta. Nọ́ńbà kan náà ni, ó sì mọ̀ ọ́n lórí ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Bí ó ti ń wò ó lọ́wọ́ ni òwú kẹrin gbéra, ó sì gbọ́ "kọ̀" kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yíjú padà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ tẹlifóònù mọ́ àyà, àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Kọ̀. Òwú karùn-ún gbéra.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń jí i."

"Ìgbà mélòó lẹ ti tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀?"

"Èmi mọ̀? Mo ní kí àwọn yòókù dúró ná, kí tèmi kọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n lè fojú rí i. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?"

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Gbogbo olè òkèèrè tí Ràúfátù ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ láti òwúrọ̀, àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ ni. Bí obìnrin náà bá ṣe ń bẹ̀rù tó ni ó ń tẹ̀ ẹ́ tó, bí ó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ẹ̀rọ ń há tó. Ràúfátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí yóò ṣáájú.

"Ọjà wo lẹ tẹ̀ níbẹ̀, Ìyá?"

"Lagbé àti Daagbé. Ṣé kì í ṣe àwọn ni mò ń ná ni?"

"Ọjọ́ wo ni Lagbé àti Daagbé máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà?"

Sìdíkátù wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn án níwájú orí bóyá ibà ló mú un. "Ràúfá. Lagbé ti kọjá lánàá, Daagbé ń bọ̀ lọ́la. Ọrún ni méjèèjì. Bí Lagbé bá ṣí ẹsẹ̀, Daagbé náà á ṣí ẹsẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pàdé?"

"Wọn kì í pàdé rárá?"

"Jamais-jamais. Àwọn tó dá ọjà sílẹ̀ kò ya wèrè. Bí wọ́n bá pàdé, ta ni yóò ná èyí, ta ni yóò ná tọ̀hún?"

Ó yé e wàyí. Nígbà tí Daagbé ṣì jẹ́ márùn-ún nínú ẹ̀rọ, tí Lagbé jẹ́ mẹ́rin, irọ́ náà ń mú kí ọjà méjèèjì pàdé ní ogún ọjọ́ ogún ọjọ́. Àṣìṣe kan ló ń bo èkejì láṣọ. Láti àná tó ti tún àkọ́kọ́ ṣe, ìhòòhò ni èkejì wà. Ẹ̀rọ kò ya wèrè, ohun tí wọ́n ní kí ó wá ló ń wá, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kò sí.

Ohùn ladani dún láti mọ́sálásí. Ìrun Àyìlà ti yá.

Ràúfátù tẹ àṣìtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó fẹ́ kọ kò gùn: bí ẹ̀rọ bá ti wá ọjọ́ náà fún ọdún kan tí kò rí i, kí ó dúró, kí ó sọ pé kò sí, kí ó sì kọ orúkọ oníṣòwò náà sílẹ̀ fún awakọ̀ láìwo tìyẹn. Ó ku ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yóò sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní Faransé, "Aucune date", ìyẹn kò sí ọjọ́ kankan, ó wò ó, ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló pa ẹ̀rọ, ó sì tún un tàn.

"Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ìyá náà kò tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò tí kò sinmi láti àárọ̀ wá dúró sí òkè tẹlifóònù, ẹ̀rù ń bà á. "Tí kò bá tún dáhùn ńkọ́?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó ní "Bísímílà," ó tẹ̀ ẹ́. Òwú kan gbéra, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó padà sùn. Abẹ̀bẹ̀ kò ké. Orúkọ Sìdíkátù jáde lójú ẹ̀rọ, apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá.

Ìyá náà pe Lagbé lójú ẹsẹ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni ó wí, kò fi ohunkóhun kún un, ó sì pa tẹlifóònù. Àwọn orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé: méjì, mẹ́ta, mẹ́jọ. Ràúfátù ń ka apẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú débi pé ó ń dun ọmọ náà, kò sì ní kí ó tú u sílẹ̀. Fortunée ló wọlé kẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣépè jù lọ, apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án ló kó wá. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin pé.

Kò sí ohun tó kù láti ṣe mọ́ ju kí wọ́n dúró lọ, dídúró náà sì le ju iṣẹ́ lọ. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní mọ́sálásí, wọ́n ń wọ bàtà. Ràúfátù dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Tẹlifóònù rẹ̀ dún.

"Mo ti rí i," ni Mùríìdì wí. "Lagbé, àbí? Kí wọ́n kó ẹrù sétí ọ̀nà, mo ti ń bọ̀."

Sìdíkátù jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n já okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní eruku ni. Lẹ́yìn náà ló na tẹlifóònù rẹ̀ sí ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì mọ̀wé kà.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"'Lagbé àti Daagbé kì í pàdé. Ẹ ná wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.'"

"Ta ló sọ fún un?"

"Ẹ̀yin ni."

Ìyá náà tún wo ojú tẹlifóònù náà fún ìgbà díẹ̀, ó rọra fi ìka kan ọ̀rọ̀ náà, kò tẹ̀ ẹ́. Ó wá so tẹlifóònù mọ́ etí ìró rẹ̀, ó dìde. "Wọn yóò bi mí ní ohun tó ṣe é láti àárọ̀," ni ó wí. "N ó sọ pé iná ni kò dára ní Ifangni."

Ràúfátù rántí àbúrò tí kò sí ní Daagbé. Ó wo ẹ̀rọ tí kò fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láti òwúrọ̀, ó fi í sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má sọ nǹkan kan, Ìyá. Mo ń bá yín lọ. Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún wọn pé mi ò mọ ọrún kà."

"Níwájú Fortunée?"

"Níwájú rẹ̀."

Sìdíkátù dá zémidjan kan dúró. Ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, ó sún síwájú kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè. Wọ́n ti kúrò nílùú, wọ́n ti bọ́ sí ọ̀nà Lagbé, kí ó tó ya ojú díẹ̀ sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́.

"Kà á kí n gbọ́, kó o tó débẹ̀. Ọ̀la ni Daagbé."

Ràúfátù gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀, ó ń fi ìka kà á síbẹ̀. "Ọ̀la, ení. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Ó tẹ ìka karùn-ún mọ́lẹ̀. "Àrùn-ún. Ọjà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá rẹ̀ wí.